Ìkíni Tó Sọnù Sójú Ọ̀nà Ilé Yín

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ìyá ọmọ tuntun,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ọmọ ń mu ọmú, ṣé ó sì ń jẹ́ kí ẹ sùn? Yóò bá yín kalẹ́ o. Èmi ń bẹ láàyè, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá rẹ ti wá bá ọ tọ́jú ọmọ ni mo ti ń jó oúnjẹ mọ́ ìdí ìkòkò, ajá wa gan-an kò jẹ ẹ́ mọ́.

Ìwọ lo ní kí n lọ bá ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, pé yóò bá mi pe kọ̀ǹpútà yín kí n lè rí ojú ọmọ-ọmọ mi. Mo wẹ̀, mo dé fìlà, mo lọ. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó ní òun ń kí ẹ̀rọ yín láti mọ̀ bóyá ó ń gbọ́. Kò dáhùn. Ó ní bóyá tòun ló ń ṣàìsàn, ló bá ní kí ẹ̀rọ kí ara rẹ̀. Ọmọ mi, ẹ̀rọ kí ara rẹ̀, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn! Èèyàn tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, okùn là ń wá fún un. Ó kí àpótí oníná kékeré tó wà lára ògiri rẹ̀, èyí tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, ìyẹn náà dáhùn wéré. Ó padà kí tiyín, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo wo ohun tó ń tẹ̀, nọ́ńbà lásán ni, ó ní àdírẹ́sì ẹ̀rọ yín nìyẹn! Mo ní ta ló ń fi nọ́ńbà kí ọmọ èèyàn? Mo ní kó kọ oríkì rẹ sí i, mo sì kì ọ́ títí mo fi kan baba baba mi. Ẹ̀rọ bínú, ó kọ ọ̀rọ̀ pupa jáde.

Ó wá ní ìkíni náà ló ń sọnù sójú ọ̀nà. Ọ̀nà wo? Ṣebí awakọ̀ tó ń kó tòmátì wá sí ìlú yín ń gba ibẹ̀ lọ, tó ń gba ibẹ̀ bọ̀! Mo ní kò burú, èmi yóò kúkú gbé ìkíni mi lọ fúnra mi.

Inú ọkọ̀ tòmátì ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, ìdí nìyẹn tó fi rí wọ́gọwọ̀gọ. Jọ̀ọ́, mú owó ọkọ̀ dání bọ̀, àti owó apẹ̀rẹ̀ tòmátì tí mo jókòó lé, awakọ̀ ti ń wò mí lójú burúkú. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọmọ náà gbó, kó tọ́, kó tún rí ọmọ tirẹ̀.

Mo ti dé báyìí; abẹ́ ilẹ̀kùn yín ni mo ti lẹ́tà yìí gbà wọlé, n kò fẹ́ kànkùn, kí n má baà jí ọmọ. Rọra ṣí i.

Èmi ni baba rẹ, lẹ́yìn ilẹ̀kùn.