Ìwúkàrà tí Wọlé Da Omi Gbígbóná Sí

                                        Ojúlé 14, Òpópónà Ògúndìran,
                                        Ìbà, Ọ̀jọ́,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        11 Oṣù Kẹta, 2025.

Sàrátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ṣakí? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá, ṣé ó ti rọlẹ̀? Èmi náà wà láàyè. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi rí wúruwùru.

Ìwúkàrà tí o bù fún mi lọ́jọ́sí, mo tọ́jú rẹ̀ bí o ṣe kọ́ mi. Láràárọ̀ ni mò ń bu ìdajì rẹ̀ kúrò, tí mò ń fún un ní ìyẹ̀fun àti omi tútù. Mo ń fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó, mi ò sì jẹ́ kó sún mọ́ ààrò. Tó bá ti ń hó, tí òórùn rẹ̀ kan díẹ̀, mo mọ̀ pé ara rẹ̀ le nìyẹn. Àwọn ará Ìbà Estate fẹ́ràn búrẹ́dì tí mò ń fi ṣe tà gan-an.

Wọlé, tí àwa méjèèjì jọ ń lo ààrò, kò fẹ́ràn rẹ̀. Yíìsì inú pákẹ́ẹ̀tì ló ń lò, àwọn kọ́sítọ́mà rẹ̀ sì ti ń yà sọ́dọ̀ mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó bá mi nídìí tábìlì pẹ̀lú omi tó ń hó nínú kẹ́tùlù.

"Nǹkan kíkan rẹ yìí ń ba ìyẹ̀fun mi jẹ́," ló wí. Kí n tó dìde, ó ti dà á sínú ike ìwúkàrà.

Mo di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ó gbé páànù irin, ó fi gbá mi lọ́wọ́ ọ̀tún, mo sì gbọ́ bí egungun ṣe dá. Mo fi ọwọ́ òsì fa igi tí mo fi ń tẹ́ ìyẹ̀fun, mo gbá a mọ́ ọn lórí. Ó ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ ń dà sórí ìyẹ̀fun. Sàrátù, ilẹ̀ ló wà nígbà tí mo tún gbá a lẹ́ẹ̀mejì.

Beatrice, aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ló fà mí sẹ́yìn. Ó ní, "Adéníkẹ́, ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Wọ́n rán orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ kò ríran mọ́. Àwọn àgbà àdúgbò dá àwa méjèèjì lẹ́bi, wọ́n ní ìbínú kì í ṣe nǹkan fúnni. Wọlé kó lọ sí Ajangbadi. Beatrice ha ìwọ̀nba ìwúkàrà tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ike, níbi tí omi gbígbóná kò dé. A ń fún un lóúnjẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta, kò mira. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Gbogbo èèyàn ń sọ pé ara mi ni mo gbà là. Ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dùn mọ́ mi nígbà tí mò ń ṣe é. Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Lánàá, mo gbé búrẹ́dì kan lọ bá Wọlé nílé rẹ̀ ní Ajangbadi. Ìyàwó rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì jù ú sínú gọ́tà níṣojú mi. Wọlé jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ojú ọ̀tún rẹ̀ lè rí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ dúró dí, ó ń bèèrè pé ta ló dé. Mi ò lè dárúkọ ara mi.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì kúnlẹ̀ kí Ìyá fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Adéníkẹ́