Oògùn Funfun Kékeré Tí Ẹ Dá Dúró

Màámi ọ̀wọ́n,

Dókítà sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé pé èmi náà ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn méjì ló kọ fún mi, irú èyí tí ẹ ń lò gan-an: èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú, àti funfun kékeré tó máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ léraléra. Mo kó wọn sórí tábìlì ní Woji níbí, mò ń wò wọ́n. Ta ni mo fẹ́ sọ fún, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

Ìdérí agolo mílíìkì lẹ máa ń kó tiyín sí láràárọ̀. Èmi ni mo máa ń bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Màá gbé e lé yín lọ́wọ́, màá sì jáde lọ síbi iṣẹ́ láìwẹ̀yìn. Mo rò pé ìtọ́jú nìyẹn.

Ṣé ẹ rántí Sátidé tí a lọ ra ẹja ní ọjà Mile One? Ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì láti tọ̀. Nígbà tí ẹ tún ní kó dúró, awakọ̀ náà pariwo: “Mama, na the whole Bonny River you drink?” Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ kò gbọ́ èdè rẹ̀, pé ó ń bi yín bóyá gbogbo odò Bonny lẹ mu. Ẹ ní, “O ṣeun, ọmọ mi,” ẹ wá yíjú sí mi kí n sọ ohun tó wí. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Màámi, ẹ̀yin náà ẹ máa ń dójú ti èèyàn jù.”

Ẹ mú ìtọ̀ náà mọ́ra títí a fi délé.

Láti ọjọ́ náà, ẹ kò dá wa dúró lójú ọ̀nà mọ́. Ẹ ń jókòó nínú ìsìn ní Rumuola láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú mi dùn, mo rò pé oògùn náà ti bá yín lára mu. Ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú yín lọ, tí mò ń ká aṣọ yín, ni mo rí gbogbo oògùn funfun náà nínú àpò bùbá yín, tí ẹ fi bébà wé.

Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Kí ló dé tí n kò bèèrè? Lọ́jọ́ Ajé náà, mo bi nọ́ọ̀sì bóyá èèyàn lè yí àkókò tó ń lò ó padà bó bá ń lọ síbì kan. Ó ní ká ṣáà sọ fún dókítà, wọ́n máa bá èèyàn ṣètò rẹ̀, ká má ṣáà dá a dúró fúnra wa. Ìdáhùn náà kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. Mo lọ sunkún lẹ́yìn ilé ìwòsàn.

Mò ń lo tèmi bí wọ́n ṣe ní kí n lò ó. Kò lè ṣe yín lóore mọ́, bí mo tilẹ̀ lò ó dọjọ́ ikú mi.

Bọ̀ọ̀dá mi ṣì ń pè láti Iléṣà lọ́jọọjọ́ Àìkú. Wọn ò mọ̀. Wọ́n á dúpẹ́ pé mo tọ́jú yín dáadáa, wọ́n á gbàdúrà pé kí ọmọ tèmi náà tọ́jú mi bẹ́ẹ̀.

Mo máa ń ṣe àmín.

Èmi àbígbẹ̀yìn yín, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.