Alhájà Dókítà Màríyámọ̀ Àjíkẹ́ Àyànbọ́lá (1951–2025): Iṣẹ́ Tí Àwọn Kan Pè Ní Igbó

Ọmọ bíbí Ìkòsí ni Alhájà. Wọ́n dé ilé ayé lọ́dún 1951, nígbà tí Ìkòsí ṣì jẹ́ oko, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọjà ńlá yóò dé Mile 12. Olóògbé Ràímì Akàndé, àgbẹ̀ àti onílẹ̀, ni baba wọn. Sẹ̀kínátù Àṣàkẹ́ ni ìyá wọn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kétu lọ́dún 1958, wọ́n sì ń lọ ilé kéú ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́dún 1975 wọ́n parí ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ní yunifásítì. Ọdún kejì ni wọ́n fẹ́ Alhaji Rahmon Àyànbọ́lá, tó ṣáájú wọn lọ lọ́dún 2006. Ọkọ rere ni. Kò fìgbà kan bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ni koríko fẹ́ dà.

Àwọn mìíràn bi wọ́n. Òkè Ọya ni iṣẹ́ ìjọba gbé Alhájà lọ, ibẹ̀ ni òjò ti kọ̀ lọ́dún 1983 tí wọ́n fojú ara wọn rí màlúù tó ń jẹ páálí. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá: koríko tí a ó gbìn lẹ́ẹ̀kan, tí yóò la ẹ̀ẹ̀rùn já láìsí omi, tí yóò sì máa rúwé fún ẹran lọ́dọọdún. Eruwa, koríko gíga inú ọ̀dàn, ni wọ́n mú. Wọ́n á gbìn ín, wọn kò ní bomi rin ín, ẹ̀ẹ̀rùn á sì fìyà jẹ ẹ́. Èyí tó bá yọ ọ̀mùnú nígbà àkọ́rọ̀ òjò ni wọ́n ń mú ṣe ìyá tí wọ́n ń gba irúgbìn lára rẹ̀, tí wọ́n sì ń yan ìyá tuntun nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá wọn kan bèèrè pé, “Madam, ta ló ń jẹ koríko?” Kò tilẹ̀ gbé sùúyà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó bèèrè.

Lọ́dún 2011 wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n kó àwọn ìyá koríko náà wá sílé, wọ́n gbìn wọ́n sí ilẹ̀ tí baba wọn fi sílẹ̀ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ìyá Àdínì ni wọ́n ní mọ́ṣáláṣí wa, àwọn tó ń ta àgbò ní Mile 12 sì ń gba koríko lọ́wọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Oṣù kejì ọdún 2018 ni Alhájà lọ sí Úmúrà. Koríko ti gbẹ, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ń dán an wò. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wò ó, wọ́n ní igbó ni, wọ́n ní ejò á sá pamọ́ sí i. Wọ́n kó oníṣẹ́ wá, wọ́n hú u, wọ́n sì dáná sun ún. Nígbà tí Alhájà dé, Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé, alága ẹgbẹ́, ní, “Mummy, ẹ má bínú, a rò pé ó ti kú ni. Favour la ń ṣe fún yín o.”

Alhájà ní, “Ṣọládé, kò kú. Mi ò kàn bomi rin ín ni.” Wọ́n wọlé, wọ́n sì sunkún.

Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ó fi ata sẹ́nu. Àgbàdo tí a hú, a lè tún un gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tí ẹ̀ẹ̀rùn tó lé lọ́gbọ̀n bá wọn yàn ńkọ́? Níbo ni ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún yóò ti rí ọgbọ̀n ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn? Gbòǹgbò díẹ̀ tó kù lẹ́bàá ọgbà ló hù nígbà tí òjò rọ̀. Òun ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í yàn títí ọlọ́jọ́ fi dé lóṣù kẹwàá ọdún yìí. Iṣẹ́ náà kò parí. Inú ń bí wa, a kò sì ní fi pamọ́.

Nígbà tí ẹgbẹ́ onílé wá kí wa kú ará fẹ́ra kù, ẹnì kan nínú wọn ní, “Ṣebí àwa la jẹ́ kí koríko yẹn le sí i.” A kò gbà. Ọ̀bẹ tó gé ni lọ́wọ́ kò lè gba ọpẹ́ pé ọwọ́ jinná.

Alhájà fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: Ruqoyah, tó ń bá iṣẹ́ koríko náà lọ, Hàlímátù àti Ọlátúnjí, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, tí Adédiwúrà jẹ́ àgbà wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ìjókòó há, tí a sì to àwọn kan sójú títì. Ẹgbẹ́ onílé náà ló tún wá ní ká ro ẹ̀gbẹ́ ilé, kí kánópì lè ráyè. Koríko ń so lọ́wọ́, èso rẹ̀ kò tíì gbó. A ní ká kúkú jókòó sínú oòrùn.

Ìyá wa, ẹ sùn re. Kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ yín, kí ilẹ̀ tẹ́jú fún yín níbẹ̀. Ní ti ilẹ̀ ìhín, ẹ fi sílẹ̀ fún wa.