Àtẹ́lẹwọ́ Yín Lójú Tẹlifíṣọ̀n

Bàbá mi àtàtà,

Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti jókòó ti ìwé yìí, mi ò mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún tí yóò yé e dáadáa. Màmá gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wọ́n, orin ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n kà sí orin. Ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ náà tọ́ sí, ẹ̀yin lẹ ò wá sí nílé.

Ìrọ̀lẹ́ àná, ọjọ́ Àìkú, ni wọ́n fi ètò àmì-ẹ̀yẹ àwọn olórin hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Bọ́sẹ̀ wà níbẹ̀. Àbúrò mi, àyànfẹ́ yín, òun ló ń gbè lẹ́yìn ọmọkùnrin onírun pupa kan tí gbogbo Múṣín ń kọ orin rẹ̀ báyìí. Èmi nìkan ló kọ̀wé sí lórí fóònù. Ohun tó kọ kò ju ìlà méjì lọ: èyí ni yóò gbẹ̀yìn, tó bá di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, òun á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo bá òun wá ní ọ́fíìsì ilé-ìwé kan ní Yábà.

Dádì, èmi ni mo fà á, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní ẹni tó kàwé jáde ní yunifásítì kò yẹ lẹ́ni tí yóò máa dúró lẹ́yìn ẹlòmíràn nínú òkùnkùn, tí wọn ò ní dárúkọ rẹ̀ láéláé. Bí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá bi mí ní ohun tí àbúrò mi ń ṣe, mo máa ń sọ fún wọn pé ó ń ṣe irun. Irun, Dádì! Bọ́sẹ̀ tí kò lè di irun ara rẹ̀!

Ẹ̀yin náà sì gba tiyín lẹ́nu mi. Ṣé ẹ rántí àárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí ẹ ń mu tíì? Mo bi yín pé gbogbo ọdún tí ẹ fi gbè fún àwọn ọ̀gá olórin ní Sùúrùlérè, ta ló mọ orúkọ yín. Ẹ ò bínú. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ti búrẹ́dì bọ inú tíì, ẹ jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ títí tó fi já sínú kọ́ọ̀bù, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣé ó dùn yín? Ṣé ẹ gbé e lọ?

Ẹ rántí ìjà ẹ̀yin àti Màmá lórí tẹlifíṣọ̀n. Olórin kankan ò lè bọ́ sórí ìtàgé kí ẹ má dìde. Ẹ á lọ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọ̀gá mọ́lẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ lè ráyè wo àwọn elégbè. Bí ọ̀gá bá rìn lọ sápá ọ̀tún, ọwọ́ yín á tẹ̀ lé e. Gbogbo ilé á figbe ta, ẹ ò ní gbé ọwọ́ kúrò. Ọwọ́ tí ẹ sì fi jẹ àkàrà náà nìyẹn. Tílẹ̀ bá mọ́, Màmá á mú àkísà, wọ́n á máa nù ún, wọ́n á máa bú yín: "Dádì, ọwọ́ yín tún rè é o! Ẹ ò ní ba nǹkan yìí jẹ́ mọ́ mi lójú?"

Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ohun kan péré lẹ bẹ̀ mí. Ẹ ní kí n fi ọwọ́ bo ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n wo Bọ́sẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò ṣe é títí ẹ fi lọ.

Èrò kún pálọ̀ wa lánàá. Màmá Ríṣí ojúlé kejì gbé àpótí ìjókòó tiwọn wá. Kúnlé náà wà níbẹ̀, ọmọkùnrin tó gba yàrá ẹnu géètì lẹ́yìn tí ẹ lọ, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábà. Fóònù ò kúrò lójú rẹ̀, ohun tí gbogbo ayé ń sọ nípa ètò náà ló ń kà fún wa.

Ètò náà sì dára, mi ò ní purọ́. Ọmọbìnrin kan láti Ìwáyà ló gba ti olórin tuntun tó pegedé jù. Ó kúnlẹ̀ sórí ìtàgé pẹ̀lú aṣọ dàńṣíkí lára. Màmá Ríṣí bú sẹ́kún bí ẹni pé àwọn ni wọ́n bí i.

"Ọmọ Ìwáyà! Ọmọ tiwa ni o!"

"Wọ́n ti ń jà lórí fóònù o, Mà," ni Kúnlé wí. "Àwọn kan ní ẹlòmíì ló yẹ kí wọ́n fún."

"Kí wọ́n wá já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà náà! Àwọn alárìíwísí!"

A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n pa iná orí ìtàgé. Ó ku ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo lórí ọmọkùnrin onírun pupa. Kò sí ìlù, kò sí dùùrù, ohùn lásán ló fi dá orin. Dádì, kò tíì kọ ju ìlà kan lọ tí àyà mi fi já. Ó gbé e ga jù. Èmi tí mo máa ń sọ pé orin ò sí lára mi, ohun tí ẹ fi kọ́ wa láti kékeré ló ta sí mi létí: bó bá ti ibi tó wà yẹn lọ, tó bá dé òkè orin náà, ohùn rẹ̀ á ya níṣojú gbogbo ayé. Bóyá ayọ̀ ni, bóyá ẹ̀rù ni. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo bá ara mi níwájú tẹlifíṣọ̀n, mo ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọ̀gá.

"Àǹtí, kí lẹ ń ṣe? Ẹ kúrò níbẹ̀ jàre!" ni Kúnlé ké.

Mi ò kúrò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka mi, nínú òkùnkùn ẹ̀yìn ìtàgé, mo rí wọn. Àwọn mẹ́ta ni, aṣọ dúdú ló wà lára wọn, Bọ́sẹ̀ ló wà láàárín. Ó dijú, ó fi ìka kan di etí bí ẹ ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Nígbà tó kan elégbè, àwọn méjì yòókù ń wo ara wọn. Bọ́sẹ̀ ò wo ẹnikẹ́ni. Kò gbe orin náà níbi tí ọ̀gá jù ú sí, ó sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, òun nìkan, kí àwọn méjì tó bọ́ sí i lẹ́yìn. Ọ̀gá gbọ́ ọ. Ibi tí Bọ́sẹ̀ sọ ọ́ sí ló ti gbé e padà, ibẹ̀ náà ni dùùrù àti ìlù wọlé sí. Nígbà tí wọ́n dé òkè orin, ohùn ọmọ náà jáde kedere, kò ya.

Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́: bí ọ̀gá bá gbé orin ga jù, elégbè rere á sọ ọ́ kalẹ̀ fún un, ará ìta ò sì gbọdọ̀ mọ̀. Ọ̀gá mélòó lẹ ṣe é fún, Dádì? Ṣé ẹnì kan tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín?

Ilé gba igbe, àdúgbò gbà á. Kúnlé ń fò sókè, ó ń kà á fún wa pé gbogbo èèyàn ló ń yin ọmọkùnrin náà, pé ẹ wo ọgbọ́n tó fi sọ ohùn kalẹ̀ kó tó gbé e lọ sókè. Òun náà ló gba àmì-ẹ̀yẹ tó tóbi jù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kò dárúkọ elégbè kankan. Mi ò bínú sí i. Ó kọrin dáadáa, mo sì pàtẹ́wọ́ fún un títí ọwọ́ fi ń ta mí. Mo lanu kí n sọ fún Kúnlé pé àbúrò mi ló ṣe ohun tí wọ́n ń yìn yẹn, ni mo bá rántí pé ará ìta ò gbọdọ̀ mọ̀. Mo pa ẹnu mi dé. Inú mi dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́.

Bọ́sẹ̀ pè mí láàárọ̀ yìí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ wò ó?"

"Mo wò ó. Ó gbé e ga jù. O sọ ọ́ kalẹ̀ fún un."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹkún ló ń sun, bí ọmọdé tó ṣubú tí kò ké, àfi ìgbà tó rí ará ilé rẹ̀.

"Mo rò pé Dádì nìkan ló lè gbọ́ ọ," ló wí nígbà tó yá.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọdún mẹ́ta yẹn, àti nítorí irun. Kò ní lọ síbi iṣẹ́ yẹn mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ kí n tó débẹ̀, mo sì ti ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Nígbà tí mo débi iṣẹ́, mo sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tó kí mi pé elégbè ni àbúrò mi. Kò tilẹ̀ bi mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Bí mo ṣe gbé fóònù kalẹ̀ láàárọ̀, Màmá ti mú àkísà dé iwájú tẹlifíṣọ̀n. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, eruku nìkan ni wọ́n ń nù níbẹ̀. Wọ́n rí àmì àtẹ́lẹwọ́ mi ti àná, ẹnu wọn sì yá ju ìrántí lọ.

"Dádì, ọwọ́ yín tún rè é o!"

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wá gbé ọwọ́ tiwọn lé e. Lẹ́yìn náà, wọ́n ká àkísà wọn láìnù ún, wọ́n padà sí kíṣìnnì.

Àmì ọwọ́ mi ṣì wà níbẹ̀, mo ń rí i níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó kéré sí tiyín.

Èmi ni,
àkọ́bí yín tó nífẹ̀ẹ́ yín, tó pẹ́ kó tó gbọ́.