Ọta Tí Mo Kì fún Ensio

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Kọkànlá, 1971
Ariwo wá lónìí — orúkọ tí mo fún Ensio, àbúrò ọkọ mi, nìyẹn. Ó gbé páálí ọta tuntun kan dání, ó fúyẹ́, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, irú tí wọ́n ń yìn ní pápá gbalasa. Èmi ni mò ń fi ẹ̀tù ki ọta fún gbogbo ilé láti ìgbà tí Sulo ọkọ mi ti kú. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé eléyìí á dáa nínú igbó tiwa?" Mo ní á dáa gan-an ni. Irọ́ ni. Nínú igbó wa, ẹran kì í jìnnà sí wa ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ. Ọta fífúyẹ́ tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀, tó bá kọlu egungun èjìká, ńṣe ló ń fọ́ bí àwo. Kì í dé ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó wúwo, tí ẹnu rẹ̀ kò mú, òun ló ń gba ẹran kọjá. Sulo ló kọ́ mi. Mo ki ogún fún Ariwo, mo fi aṣọ nù wọ́n kí wọ́n máa dán.

Kí ló fà á? Ẹ̀gùn Sulo, ibi tó ti máa ń jókòó dẹ ẹran, lórí igi etí àbàtà. Ọkọ mi kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ilẹ̀ tí Ariwo fi gun ibẹ̀ lọ jókòó. Ó ní kì í ṣe ibi obìnrin. Ọdún kẹta rèé.

Ọjọ́ Àìkú, 14
Yìnyín. Gbogbo wa ti kúrò ní Ishpeming, ìlú wa, a ti dé ahéré ọdẹ wa nínú igbó. Ariwo jẹ mítípáì mẹ́ta. Kó máa jẹ.

Ọjọ́ Ajé, 15
Ọdẹ bẹ̀rẹ̀. Aago méje ààbọ̀ — gbàù! Ẹyọ kan. Akọ àgbọ̀nrín, ìṣísẹ̀ márùndínlọ́gbọ̀n. Ó ṣubú, ó dìde, ó lọ. Ariwo ń búra pé òun rí i tó ṣubú. Irun la bá lórí yìnyín, èérún egungun, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Oskari, bàbá ọkọ mi, gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì Ariwo, ó kàn án mọ́ ògiri, bí a ti ń ṣe fún ẹni tí ẹran bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọjọ́rú, 17
A ò rí i. Bàbá tún òfin ilé sọ: ẹni tó bá parí ẹran tó gbọgbẹ́, níṣojú ẹlẹ́rìí, ló ni ẹ̀gùn ẹni tó ṣe é léṣe. Inú mi dùn dé eegun.

Ọjọ́bọ̀, 18
Ariwo kò jẹun, kò bá wa wọ ilé ooru tí a ti ń wẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú níbi tó ti ń wá ẹran náà kiri. Ó tọ́ sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20
Mo rí ẹran náà! Nínú àbàtà, lábẹ́ igi. Ó ṣì wà láàyè — ọjọ́ kẹfà. Ihò èjìká rẹ̀ gba ìkúùkù mi. Ó ń rùn, kannakánná ti ń ṣa ibẹ̀ jẹ. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dìde, ó ṣubú, ó tún gbìyànjú. Ǹ bá parí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹlẹ́rìí ńkọ́? Mo fọn fèrè, mo jókòó, mo mu kọfí mi. Ó tó ìdajì wákàtí kí Bàbá àti Ariwo tó dé. Ẹran náà ń wò mí ní gbogbo àsìkò yẹn. Ọta wíwúwo kan ṣoṣo ni mo yìn, ó gbà á kọjá, ó tán. Ariwo kúnlẹ̀ nínú yìnyín, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́ Àìkú, 21
Èmi ni mo kun ẹran náà. Mo ṣa èérún bàbà àti òjé ọta Ariwo sórí àwo. Kò sí èyí tó tóbi ju èékánná lọ. Ensio ní, "Bàbá, ẹ má dá ọta lẹ́bi o. Ìyàwó wa ló kì í, kì í tan èèyàn jẹ. Ọwọ́ mi ni ò dáa." Bàbá ń fi ìka ro èérún náà. Òun ló kọ́ Sulo níṣẹ́ ọta. Ó wò mí, ó pẹ́. Ó ní ẹ̀gùn ti di tèmi. Lẹ́yìn náà ló kó ọta mọ́kàndínlógún tó kù síwájú mi. "Ìwọ lo ní wọ́n dáa, Tyyne. Àwọn ni wàá máa yìn níbẹ̀. Àbí o ní ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ bá Ensio sọ?"

Mo ní kò sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23
Mo wà lórí ẹ̀gùn, Bàbá jókòó sí ìdí igi láti àárọ̀. Ní aago mẹ́sàn-án, akọ kékeré kan yọ, ogún ìṣísẹ̀. Mo ń dúró kó kọ ìhà sí mi, kí ọta má baà kan egungun. Bàbá gbójú sókè: "Yìn ín." Mo yìn ín. Èjìká ló bà. Ó ké. Ó lọ.

Ọ̀sán ti pọ́n, a ò tíì rí i. Ensio ló ń bá mi tọ ẹ̀jẹ̀ náà láti àárọ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi. Ó ní kí n má sunkún mọ́, pé kò sẹ́ni tí irú ẹ̀ ò lè ṣe, pé ẹ̀bi ọta kọ́.