Yàrá Mi ní Ọ̀kà Àkókó

Fúnminíyì,

Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń bá mi kọ èyí. O ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé tí o ń kọ́ ní Ìkàrẹ́ láti fi wọ yunifásítì sọ pé òfò ni yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí, kí a fi yàrá mi háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ Àkùngbá. Ọ̀dẹ̀ ni olùkọ́ yín. Sàréè bàbá àgbà rẹ náà wà lẹ́yìnkùlé láìmówó wọlé. Fi òun náà háyà.

Ara mi le, oúnjẹ sì pọ̀. Caleb àbúrò bàbá rẹ ní tí ọmọ òun bá ti rìn, n ó wá sílé. Ọmọ náà ti ń sáré báyìí.

Sá ẹní mi sóòrùn. Bá mi kí Ìyátúndé ọ̀rẹ́ mi. Sọ fún un pé inú mi dùn níbí.

Ìyá àgbà rẹ