Àgádágodo Lẹ́nu Kànga Yín

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Ẹ má bínú pé inú bíbí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti papò dà ni mo ti fẹ́ kọ̀wé sí yín, kí n sọ fún yín pé ara àwọn ọmọ mi le, àti pé mo ti ń mu tíì láìfi ṣúgà sí i bíi tiyín. Àfi pé ẹ̀yin fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ní tèmi, ṣúgà ti kọjá agbára olùkọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kànga ẹ̀yìnkùlé ló gbà mí lọ́kàn.

Ẹ rántí bí a ṣe gbẹ́ ẹ. Ọ̀wẹ̀ ni. Gbogbo àdúgbò wa ní Agbówó ló jáde, àwọn ọkùnrin ń gbẹ́lẹ̀, àwọn obìnrin ń ru iyẹ̀pẹ̀, Mọ́mì ń se ẹ̀wà tí wọn ó jẹ. Ilẹ̀ yín ni, òógùn gbogbo wọn ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í ti géètì ẹ̀yìn láàárọ̀. Ẹ ó jókòó síbẹ̀ tẹ̀yin ti fìlà tí ẹ fi sùn, ẹ ó máa bú ọmọ tó bá ju okùn sínú ẹrẹ̀. Bí omi bá lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, ẹ ó kàn ké sí wọn ni, wọn a sì tún jáde wá gbọ́n ọn. Ta ló gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín?

Táyọ̀ ọmọ yín ti fi irin dé e. Ó fi àgádágodo tì í, ó gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi sí i, ó sì ń ta omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì. Mi ò ní purọ́ mọ́ àbúrò mi, ojú òun náà rí màbo. Iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Ring Road lé òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dànù, lọ́sẹ̀ kan náà tí ọ̀gá wọn gbé jíìpù tuntun wọlé. Ẹbí kan náà ni ọ̀gá yìí máa ń pe gbogbo wọn. Irú ẹbí wo nìyẹn? Náírà wó, epo wọ́n, oúnjẹ di góòlù, àwọn tó ń ṣèjọba ní ká ní sùúrù, àwọn fúnra wọn ò sì fi nǹkan kan du ara wọn. Inú ń bí mi, Bàbá! Ṣùgbọ́n ara ta ni Táyọ̀ ti wá gbẹ̀san? Adìyẹ kan ló dà á lóògùn nù, ẹyin adìyẹ mìíràn ló lọ fọ́. Ìyá Sùkúrà, opó tó ń fọṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tó fi oyún Sùkúrà ru iyẹ̀pẹ̀ kànga yẹn, òun ló wá ń ra omi rẹ̀. Mo bá Táyọ̀ sọ ọ́. Ó ní ayé ọ̀fẹ́ ti kọjá, àti pé obìnrin ni mí, kí n má dá sí ọ̀rọ̀ dúkìá. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ẹrẹ̀. Táyọ̀ yìí kan náà ló wá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń pè wọ́n sí ọ̀wẹ̀ bí ẹ ti máa ń ṣe. Ọ̀wẹ̀ o, lórí ohun tó ń tà fún wọn! Ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń wò ó. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga ní Mọ́níyà bu iye tí apá rẹ̀ ò ká. Ló bá so okùn mọ́ra, ó ní òun á wọ ibẹ̀ fúnra òun. Èmi àtàwọn ọmọ mi la di okùn mú.

Sísọ ọ́ sílẹ̀ rọrùn. Fífà á gòkè ni wàhálà. Ẹrẹ̀ ti mú un lẹ́sẹ̀, okùn ń bó wa lọ́wọ́, mo fi igbe ta. Kí n tó mí, àdúgbò ti kún ẹ̀yìnkùlé, Ìyá Sùkúrà ló ṣáájú. Wọ́n gba okùn lọ́wọ́ mi, Ìyá Sùkúrà bẹ̀rẹ̀ wo inú kànga.

“Táyọ̀, èló lo fẹ́ ra okùn yìí? Ṣé ká wọ̀n ọ́n fún ẹ ní ẹsẹ̀ bàtà ni àbí ní kẹ́ẹ̀gì?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹkún Táyọ̀ la gbọ́ nísàlẹ̀. Wọ́n fà á gòkè, lọ́fẹ̀ẹ́.

Kò bẹ ẹnì kankan. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ Ìyá Sùkúrà tòun ti ẹrẹ̀, ó wọlé lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jáde wá gbọ́n kànga. Ní báyìí, àwọn tó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ ń dá epo sí i, ẹni tí kò ní ń fi okùn fà, kò sẹ́ni tó ń jèrè lórí ẹnì kejì. Ó ṣeé ṣe, Bàbá. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa pé kò sí ọ̀nà mìíràn.

Síbẹ̀, inú mi ò tíì rọ̀. Ó di inú kànga kí Táyọ̀ tó mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíì lòun wà. Àwọn tó lé e níṣẹ́ ńkọ́, àwọn tó fi iye lé ohun gbogbo tí Ọlọ́run dá? Ta ló di okùn tiwọn mú? Ṣé àwa kọ́ ni? Kí ló dé tí a ò tíì bi wọ́n pé èló?

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ò tíì jinná.